Ìró Aláró Tí Mo Gé

Ọdún tí ìyàwó mi kú ni mo kọ́ bí a ṣe ń dá iná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, akọ̀wé ìjọba, tó lè kọ lẹ́tà èdè Faransé tí ọ̀gá yóò fi mi orí, kò mọ̀ pé igi tútù kì í jó. Ìyá mi kò jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná rí, ìyàwó mi náà kò sì jẹ́. Ó wá kú, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira, ó fi èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sílẹ̀ nínú yàrá méjì tí a háyà ní àdúgbò Akron, ní ìlú Àjàṣẹ́. Ilé náà pa rọ́rọ́ débi pé tí ọmọ bá ń ṣí ìwé ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń ta ẹja ní Sèmè, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìsìnkú pé ọkùnrin ò lè dá ọmọbìnrin tọ́. Ó fẹ́ mú ọmọ náà lọ. Mo kọ̀, ohùn mi sì le ju bó ṣe yẹ kí a fi bá àna sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà pẹ̀tù sí i: kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi títí ilé ìwé yóò fi gba ìsinmi ńlá. Tí kò bá rù, tí kò sì rí jákujàku, yóò dúró. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Sèmè yá. Mo gbà. Mo sọ nínú ara mi pé ojú yóò ti obìnrin yẹn.

Biró wa, ibi iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń kọ̀wé, a máa ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, a ó sì padà ní aago mẹ́ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ jẹun, wọ́n ń lọ sùn. Èmi ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sílé, mo ń da táì mi sẹ́yìn kí iná má bàa mú un, mo ń fẹ́ná. Àwọn obìnrin àgbàlá ń wò mí bí ẹni ń wòran. Ìyá àgbà kan, Ègùn ni, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro àmíwọ̀, ọkà àgbàdo tí wọ́n ń fi omi tòmátì rò.

“Akọ̀wé,” ló máa ń wí, “apá la fi ń ro ọkà o, a kì í fi ìwé rò ó.”

Ọkà tí mo kọ́kọ́ rò ní kókó tó tó ẹyin ẹyẹlé. Ọmọ mi jẹ ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Ìyá rẹ̀ ló máa ń bá rojọ́. Èmi, kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ bi í? “Ṣé o ti kàwé?” “Bẹ́ẹ̀ ni, Pàpá.” A ó tún máa wo oúnjẹ.

Nígbà tó kù bí oṣù mẹ́ta kí ìsinmi dé, olùkọ́ rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ pé kí gbogbo ọmọ ní aṣọ sípọ́ọ̀: ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò penpe aláwọ̀ aró. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń fò. Inú mi dùn. Mo ní èyí rọrùn ju ọkà lọ. Mo ra aṣọ tó nípọn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rán ṣòkòtò, nítorí mo fẹ́ kó pẹ́. Mo gbé e fún aránṣọ, mo sì gbé e wálé bí ẹni pé mo pa ẹfọ̀n. Ṣòkòtò náà lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Ní ìkẹrin, mo rí ọmọ tó ń rìn bọ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan. Ìyá àgbà Ègùn yẹn ló wẹ̀ fún un ní ìrọ̀lẹ́, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣòkòtò ti bó ọmọ ní ìbàdí yíká títí dé itan, ó ti degbò.

“Kò fẹ́ kí n sọ fún yín,” ó ní. “Ó ní inú yín dùn jù lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wálé.”

Ojú tì mí. Mo wá aṣọ mìíràn kiri dé àdúgbò Tokpota. Èyí tó rọ̀ ń fi ara hàn; èyí tí kò fi ara hàn, ó le bí awọ.

Bí mo ṣe ṣí àpótí ìyàwó mi nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí obìnrin bá kú, àwọn ará ilé tirẹ̀ ló ń ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, àwọn ló ń pín in. Ọkọ kì í fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi dé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n ìró aláró kan wà lókè pátápátá, òun ni ìyàwó mi fi pọn ọmọ náà nígbà tó wà ní ìkókó, a sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí òwú. Mo gbé e símú. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e sí méjì. Nígbà tí aránṣọ bi mí pé aṣọ ta ni, mo ní tèmi ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ náà sáré wọlé. Ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò: ẹni tó ṣubú, ẹni tó sunkún, bí òun ṣe gba ipò kejì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ pa ṣòkòtò náà. Kò béèrè ibi tí aṣọ ti wá, ó mọ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀.

Ìsinmi dé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà dé, òun àti àgbà ẹbí méjì. Ọmọ ń fo okùn ní àgbàlá, ṣòkòtò náà ló wọ̀. Obìnrin náà wò ó, ó tún un wò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èmi ni mo rẹ aṣọ yìí láró fún àbúrò mi,” ó ní. “Àna mi, ẹ gé e?”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní mo ti tàbùkù òkú. Mo ní ṣòkòtò líle ló ti bó ọmọ lára, mo sì ti múra ìjà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà pe ọmọ mọ́ra, ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó bi í bóyá ó ń bó o lára.

“Rárá, Màmá. Ó rọ̀.”

Obìnrin náà sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú.

“Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀,” ó ní. “Ẹni tó lè gé aṣọ yìí nítorí ọmọ, kò ní fìyà jẹ ẹ́.”

Mo ti borí. Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Àfi bí ọmọ ṣe ní òun fẹ́ lọ sí Sèmè.

Mo fà á wọ yàrá. Mo rò pé wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, inú sì ń bí mi. Mo ní, “Kí ni mo fi dù ọ́?”

Ó ń wolẹ̀. “Pàpá, èyí tó jóná nídìí ìkòkò lẹ ń jẹ, ẹ ń bu èyí tó dáa fún mi. Ẹ rò pé mi ò rí i. Ẹ kì í sùn lọ́sàn-án bíi tàwọn bàbá yòókù. Tí mo bá lọ, ẹ ó jẹun, ẹ ó sinmi.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti fi bá àna mi jà, kò sí ọ̀kan tó wúlò fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo bá ní kó dúró, yóò dúró, yóò sì máa ṣọ́ gbogbo òkèlè tí mo bá fi sẹ́nu. Mo ní ó dáa. Mo di ẹrù rẹ̀, wọ́n sì lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí biró ti ilẹ̀kùn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ. Mo jókòó sórí àga mi títí aago mẹ́ta fi lù.