Ihò Kan Tí Ìyá Mi Kì í Dí

Òórùn èèpo irúgbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, tí wọ́n ń sè ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi bá fẹ́ dí ara ilé wa ní Idigny. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé amọ̀ rí, ẹ mọ òórùn náà. Ọyẹ́ á ti kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ibi tí ògiri máa sán sí á ti sán tán, òjò àkọ́rọ̀ ò sì ní tíì dé. Kí oòrùn tó mú ògiri gbóná, ìyá mi á ti po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo irúgbá tó pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù.

Etí fèrèsé, orí ìlẹ̀kùn, igun ilé, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ amọ̀ wọ gbogbo wọn. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́," ni yóò máa wí. Ihò kan ṣoṣo ló máa ń fò, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, nítòsí ilẹ̀, tí kò ju ìka kan lọ. Mo rò pé kò rí i ni.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi, kò ráyè iṣẹ́, bàbá wa sì wà lóko ní Kpankou. Ni èmi ọ̀gá bá gbaṣẹ́ ṣe! Mo dí gbogbo rẹ̀, mo dí ihò ìsàlẹ̀ yẹn náà pa, mo tún fi omi dán an. Ìyá mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá mi, o ṣeun." Kò wo ìsàlẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án, tòun ti ìjì. Àbúrò mi ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi náà sùn tì í. Ìyá mi wọlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí ẹni ń gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Ó gbé ọmọ nílẹ̀, ó wọ́ mi jáde sínú òjò, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ nílé ìdáná. "Ta ló dí ìsàlẹ̀?" Ó mú ọ̀bẹ, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ fèrèsé níta, ó gún ihò náà. Háà! Omi pupa tú jáde, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí a padà wọlé, odidi abala ògiri kan ti ya lulẹ̀ sórí ẹní wa, níbi tí orí àbúrò mi wà.

Kò nà mí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ní, "Omi tó bá ráyè wọlé lókè, ibo ni kó gbà jáde? Ìsàlẹ̀ la ń fi sílẹ̀ fún un." Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé.

Àwọn aláìsàn ni mò ń tọ́jú ní Pobè báyìí, bíríkì sì ni ilé mi. Lẹ́ẹ̀rùn yìí, ọ̀mọ̀lé fi oje funfun tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́nù dí etí fèrèsé mi yíká, lókè nísàlẹ̀, èmi náà ò sì bojú wò ó. Nígbà tí òjò dé, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ọwọ́ yìí mọ ibà lára ọmọ ọlọ́mọ kí n tó wá ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Lára ògiri, ó kàn mọ̀ pé ó tutù ni. Ohun tí ìyá mi gbọ́ lọ́jọ́sí, n kò gbọ́ ọ. Mo kó àwọn ọmọ mi jáde ná, kí n tó lọ wá ìṣó tí n óò fi lu ihò sí oje ìsàlẹ̀ fèrèsé.