Obìnrin Onígéètì àti Tábìlì Alágbàfọ̀

Ẹni tí mo jowú rẹ̀ jù lọ láyé mi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Alágbàfọ̀ ni. Yàrá iwájú ló ń gbé nínú ilé tí a jọ háyà ní Ìsọlọ̀, abẹ́ páànù tó nà síta lẹ́bàá ọ̀nà sì ni tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà. Kò kọ ìwé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ṣúgà. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún kan, n kì í gbóòórùn èédú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kí inú mi má ru.

Ọdún tí ìjọba fi kún owó oṣù ló bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kó àfikún àwọn oṣù tó ti kọjá fúnni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Epo rọ̀bì ń mówó wọlé, gbogbo Èkó ń kọ́lé, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì sì tò lọ bẹẹrẹ lórí òkun, wọn ò ríbi já a sí. Ní ilé tiwa, ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n rà á, ẹni tó ra fáànù rà á. Olùkọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ra alùpùpù tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn. Èmi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìyàwó mi yí ẹ̀rọ náà po, ó fi ọwọ́ kan án níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ooru ń mú, òógùn sì bò ó lójú.

"Dádì," ó ní, "ibo ni atẹ́gùn ti ń jáde lára èyí?"

Ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo máa ń yẹ aṣọ wò bó ṣe ń jáde lára ẹ̀rọ, màá fi ẹfun sàmì síbi tí òwú bá ti já. Ojú mi ti mọ àbùkù í rí. N kò lọ sí yunifásítì. Àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tà ní Òṣòdì ni mo fi kọ́ ara mi, mo sì kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kò ní àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà bí mo bá ti yọ ojú ewé kan jáde, màá fi bírò olójú tín-ín-rín tọ́ àmì sábẹ́ ẹ àti ọ àti ṣ, màá wá fi àmì ohùn lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbádùn rẹ̀ bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀.

Ìtàn obìnrin kan ni mo ń kọ. Onígéètì réluwé ní Òṣòdì ni ọkọ rẹ̀, ẹni tó máa ń ti géètì mọ́ àwọn mọ́tò bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀. Ọkọ náà wọkọ̀ lọ sí Kàdúná lọ wá iṣẹ́ tó sàn jù, kò padà wá. Ìyàwó wá ń ti géètì nípò rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá má baà mọ̀ pé onígéètì ti lọ, kí wọ́n má baà lé e kúrò nínú yàrá tí réluwé fún wọn.

Kí n má baà kọ irọ́, mo ń lo ọjọ́ ìsinmi mi lẹ́bàá irin ní Òṣòdì. Mo mọ̀ pé géètì náà ń dún lẹ́ẹ̀mejì bí a bá tì í, ó ń dún nídìí, ó tún ń dún lẹ́nu kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé àsíá ni wọ́n ń nà sí awakọ̀ lójú ọ̀sán, pupa fún ewu, àwọ̀ ewé bí kò bá sí ewu. Alẹ́ nìkan ni wọ́n ń lo àtùpà. Mo mọ ìró ẹ́ńjìnì dísù yàtọ̀ sí ti eléédú tí wọ́n ti ń kó kúrò nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé.

Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń ka ohun tí mo bá kọ fún àwọn ará ilé, lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìnkùlé. Alhájà onílé wa, tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì, ló máa ń jókòó síwájú, alágbàfọ̀ á sì dúró ti ògiri lẹ́yìn. Gbogbo wọn fẹ́ràn orí kìíní. Wọ́n fẹ́ràn èkejì. Orí kẹta, níbi tí mo ti ṣàlàyé géètì, ni èmi fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo gbójú sókè, Alhájà ti sùn, olùkọ́ sì ti dìde lọ nu alùpùpù rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé e, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo rí èrò yí tábìlì alágbàfọ̀ ká. Mo rò pé wọ́n mú olè ni. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn, mo gbọ́ ìtàn mi. Àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ Sátidé ló ní kó bá àwọn sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

"Ó ti géètì," alágbàfọ̀ wí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró lókè, kò gbé e lé aṣọ. "Ó tì í, àmọ́ ọ̀nà Kàdúná ló ń wò."

Gbogbo wọn na ọrùn sí i. Géètì tí mo fi odindi orí kan tì, gbólóhùn kan ló fi tì í!

"Ọkọ̀ ń bọ̀, ó ń tú èéfín. Àtùpà aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀..."

"Ọ̀sán ni!" mo pariwo láti ẹ̀yìn. "Àsíá ni wọ́n ń lò lọ́sàn-án! Dísù kì í tú èéfín báyẹn!"

Obìnrin kan bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀."

"Ta nìyẹn?" ẹnìkan bi í.

"Ẹni tó ń kọ ọ́ ni."

"Ó dáa. Kó dákẹ́ ná."

Alágbàfọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ní bó bá ti di alẹ́, obìnrin náà á bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, á fi àwo dé e. Bílẹ̀ bá mọ́, á dà á fún ewúrẹ́, á fọ àwo, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Obìnrin tó bá mi wí fi etí ìborùn nu ojú.

Oúnjẹ yẹn kò sí nínú ìwé mi. Bó bá jẹ́ pé ó kàn jí tèmi sọ ni, ì bá rọrùn fún mi. Ó fi kún un, ohun tó fi kún un sì dára ju ohun tó bá níbẹ̀ lọ. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé abẹ́ àwo ni oúnjẹ tèmi náà máa ń wà bí mo bá pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i jẹ, n kò rí i.

Láti ìgbà náà, èrò abẹ́ igi ń dín kù, ti abẹ́ páànù ń pọ̀ sí i. Ìyàwó mi, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín bí mo bá ń kàwé, bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ tí a kò tíì wọ̀ lọ fún lílọ̀.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" mo bi í.

"Mo lọ gba ṣẹ́ẹ̀tì yín ni, Dádì."

"Ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀ lánàá?"

"Ẹ má bínú. Ó fẹ́ sọ ibi tí lẹ́tà ti dé ni."

"Lẹ́tà wo? Kò sí lẹ́tà nínú ìwé mi!"

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí," ó ní.

Mo wọlé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sì pa obìnrin náà. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin gbá a. Mo kọ bí bíréèkì ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, àti ìdí tí ọkọ̀ tó kún tó bẹ́ẹ̀ kò fi lè dúró lójijì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi fà á yọ. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti gbọ́ pé nǹkan ńlá ń bọ̀, gbogbo ilé péjọ. Alágbàfọ̀ náà wá, ó dúró ti ògiri bí ìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo ka gbólóhùn ìkẹyìn.

Alhájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kí ló ṣe ọ́?"

"Alhájà, bí ìtàn ṣe lọ nìyẹn."

"Irọ́ ni. Inú ló ń bí ọ. A kì í fi ìbínú pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọmọ mi ni, mà. Èmi ni mo bí i."

"Ìwọ lo bí i. Ta ló tọ́ ọmọ náà?"

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ń ti alùpùpù rẹ̀ jáde, ó ní, "Apànìyàn, ẹ káàárọ̀ o." Ìyàwó mi gbọ́, kò gbè mí.

Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdé, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì kan dání bíi pé aṣọ ni mo fẹ́ lọ̀, mo sì lọ síbi tábìlì. Wọ́n ti ń bi alágbàfọ̀ bóyá lóòótọ́ ló kú. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó wọ́n ọn sára aṣọ, ó rọra ń tẹ́ kọ́là.

"Ta ló rí òkú?" ó bi wọ́n. "Ìborùn rẹ̀ ni ọkọ̀ gbá lọ. Òun fúnra rẹ̀ wà lódìkejì irin."

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá, n kò kọ ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá fẹ́ kọ ìtàn obìnrin mìíràn, onígéètì yẹn ni yóò dìde sí mi, òun náà sì wà lódìkejì irin, níbi tí kì í ṣe èmi ni mo gbé e sí. Mo wá rí i pé bí n kò bá mọ ohun tó ṣe níbẹ̀, ìwé mi ti parí síbi òkú tí kò sẹ́ni tó gbà gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí èrò, mo lọ bá a.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé. Aṣọ dà?"

"N kò kó aṣọ wá. Lódìkejì irin yẹn, kí ló ṣe lẹ́yìn náà?"

Ó ṣí áyọ́ọ̀nù, ó fẹ́ èédú inú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ tún ń bi mí? Ẹ̀yin ni mo ń retí. Mo kàn yọ ọ́ lábẹ́ ọkọ̀ ni, n kò mọ ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá kà á ni mo máa ń ríbi bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti dákẹ́, àwọn oníbàárà mi ò jẹ́ n gbádùn."

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó wá fi kún un pé, "Àmọ́ ẹ bá wa dín géètì yẹn kù."

Mo bi í bóyá mo lè lo oúnjẹ abẹ́ àwo.

"Ẹ mú un," ó ní. "Òmíràn ṣì wà."

Ká ní ó kọ̀ fún mi ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ya ikú náà dànù, mo sì kọ ìwé náà parí. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìbàdàn dá a padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní géètì pọ̀ jù. Mo gé e, ó dùn mí bí ẹni gé ìka. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Títí dòní, ojú ewé kan náà ni àwọn tó kà á ń yìn fún mi: ti oúnjẹ tí a fi àwo dé. Mo máa ń kí wọn pé wọ́n ṣeun.

Mo fún alágbàfọ̀ ní ẹ̀dà kan. Ó gbé e sí igun tábìlì, níbi tí èédú kò ti lè ta sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ, mo bá èrò níbẹ̀, mo sì tò sẹ́yìn wọn. Ó ti kọjá ibi tí ìwé mi parí sí. Obìnrin náà ti dé Kàdúná, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wá ojú ọkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ọ̀sán gangan ni, àtùpà aláwọ̀ ewé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jẹ́ kí àtùpà náà wà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó rí ọkọ rẹ̀.