Olè Tó Ń Kanlẹ̀kùn Sáìtì Wa

Èmi ni mo ń bójú tó sáìtì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Igbó-Ọrà. Bí mo ṣe ń pè é ní sáìtì yìí, ẹ má rò pé nǹkan bàbàrà ni o. Ojú ewé mẹ́rin péré ni. Ìkíni alága wà ní ọ̀kan, àwòrán alága wà ní èkejì, ẹ̀kẹta ń sọ ọjọ́ ìpàdé, àwòrán alága sì tún yọjú nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún tírákítọ̀.

Tírákítọ̀ kan ṣoṣo la ní. Ẹni tó bá ti wọlé sórí sáìtì forúkọ sílẹ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a dá tó lù, òun ni wọ́n máa bá túlẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kó gbé ọkọ́ rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé la ń kọ ọ́ sí, ọdọọdún nìjà. Wọ́n á ní akọ̀wé ti ki orúkọ àna rẹ̀ bọ àárín, wọ́n á ní igbákejì alága ti fi àbúrò ìyá rẹ̀ ṣáájú. La bá fẹnu kò pé kí oníkálukú lo fóònù ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìnkùlé bá ẹbí rẹ̀ fi orúkọ sí i. Èmi gan-an ni mo pariwo jù lọ́jọ́ náà. Mo dìde, mo ní bó bá ṣe ìyá tó bí mi lọ́mọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò gbà wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá mi sì ti kú tipẹ́, ìbúra náà ò ni mí lára rárá. Bàbá mi ni mo gbàgbé.

Tápà ni bàbá mi ń gbé, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbàdí sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún tó kọjá. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ ebè mọ́, pé tó bá tún dán an wò, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Tírákítọ̀ yẹn nìkan ló kù tí yóò fi lè dáko lọ́dún náà.

Ó pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, bá mi fi orúkọ mi sí i, jàre."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé bíi ti gbogbo ayé. Ẹ sáà mọ̀wé."

Lóòótọ́ ló mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ló lọ, kò sì sí Yorùbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí kò lè kà. Ó ní, "Ó dáa. Ó ti yé mi." Ó pa fóònù. Mo mọ̀ pé mo le mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí mi báyìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ohùn.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo fi ara mi dá. Lórí sáìtì àwọn ẹlòmíì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi máa ń béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé. Èmi ní rárá, Yorùbá la ó fi ṣe tiwa. Mo kọ ọ́ sókè àpótí tí èèyàn máa kọ orúkọ sí pé: "Ta ni ń kanlẹ̀kùn?" Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ pásíwọ́ọ̀dù sí ìsàlẹ̀. Alága ní ọpọlọ mi pé. Mo gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tí ìyọnu fi dé. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán alága. Àwọn àkọ́kọ́ kọ ọ́ ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, alága sì rò pé àwọn olólùfẹ́ òun lókè òkun ni, ó ní kí n dá wọn lóhùn kí n kí wọn. Lọ́jọ́ kejì ni ẹnìkan wá kọ ọ́ gbàgàdà pé òun ní oògùn tí ń mú kí arúgbó ọkùnrin máa ṣe bí ọ̀dọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó alága rí i. Ó pè mí, ó béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́ àti ohun tí alága bá a sọ tó fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe alága. Mo pa ọ̀rọ̀ olóògùn náà rẹ́ kíá.

Nígbà tí mo yẹ ìdí ẹ̀rọ wò, mo rí i pé yàtọ̀ sí àwọn olóògùn, àwọn olè gidi náà wà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa já ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó máa wọ sáìtì láìní nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó ti wá, bí kò ṣe sí ọmọ tí kò ní agbo ilé. Mo tún wá rí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń fẹjọ́ nọ́ńbà búburú sùn. Wàá kọ nọ́ńbà náà, wàá kọ ohun tó ṣe, àwọn ẹlòmíì á rí i, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn tiwọn mọ́ ọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ dùn mọ́ mi! Láàárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, màá ti fẹjọ́ bí ogún sùn. Mo fẹjọ́ àwọn ìlú tí mi ò lè fọwọ́ tọ́ka sí lórí máàpù sùn. Ara mi yá, mo tún sanra sí i.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí ni mo wá kíyè sí ọ̀kan. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àlásárì, nọ́ńbà yìí á dé, á kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Á sinmi díẹ̀, á tún kàn án. Ó ti ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Àwọn olè yòókù máa ń kàn án gbà-gbà-gbà lọ́nà ọgọ́rùn-ún kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ lèyí ń kàn án. Mo ní háà, alárékérekè ni, kò fẹ́ kí n fura. Mo wo ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Èkó!

"Ọmọ Èkó!" Mo pariwo nìkan nínú ọ́fíìsì. "Tírákítọ̀ Ìbàràpá lo wá jí?"

Mo tì í pa. Mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn fún gbogbo ayé. Níbi tí wọ́n ní kéèyàn kọ àlàyé sí, mo kọ ọ́ pé ọ̀daràn paraku ni, aláìnítìjú, tí kò níṣẹ́ tí kò lábọ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ ò kọ́ nílé.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí a ṣe ìpàdé, mo ròyìn bí mo ṣe mú olè Èkó. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá méjì láti Tápà ní láti ọjọ́ Ajé ni sáìtì ò ti ṣí fún àwọn mọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí wọ́n lọ gun orí òkè. Ni bàbá ọdẹ kan tó wá láti Lánlátẹ̀ bá nawọ́ sókè, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ olè náà sọ. Mo tún un sọ.

Ó ní, "Tí àwa ọdẹ bá ń tọpa olè, a kì í ka iye ẹsẹ̀ tó gbé. Ibi tó dúró sí la máa ń wò. Olè á yí ilé po, á wá fèrèsé, á wá ibi tí ògiri ti sán. Èyí tó o ń wí yìí, iwájú ilé nìkan ló dúró sí, tojúmọ́ tojúmọ́. Kí ló ń sọ níbẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe igbó o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Mo kàn ń béèrè ni."

Ọ̀rọ̀ náà wá ń rìn mí lára. Ní ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ní kí n kúkú wò ó. Iye ìgbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn àti nọ́ńbà wọn nìkan ni mo máa ń wò. Ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí wà nínú àkọsílẹ̀ mìíràn tí mi ò ṣí rí. Mo ṣí i. Àwọn olè òkè òkun ń kọ orúkọ òyìnbó àti nọ́ńbà jákujàku. Mo wá dé ibi olè Èkó.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tó kọ sínú àpótí ni: "Àgò o." Ó tún kọ ọ́: "Àgò onílé o." Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ní ọjọ́ kejì, ó tún kọ́kọ́ kágò, ó wá dáhùn ìbéèrè mi: "Èmi ni." Lẹ́yìn náà, "Èmi ni o." Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ "Bàbá," ó sì kọ orúkọ mi tẹ̀lé e. Orúkọ èmi tí mo jókòó yìí, tí ìyá mi sọ mí. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Èyí tó kọ kẹ́yìn ní ọjọ́ kẹrin, kí n tó tì í pa, ni: "Ṣé ẹ ò sí nílé ni?"

Mo kígbe. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi àkọ́bí, kò sẹ́ni tó pe bàbá mi ní orúkọ tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ mọ́ ní Tápà. Èmi ni mo béèrè ta ni ń kanlẹ̀kùn, ó sì dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé ilé iṣẹ́ fóònù máa ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ èèyàn lò, bí agbo ilé ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde, Èkó sì ni wọ́n kọ mọ́ ara nọ́ńbà náà. Ìdajì Tápà ni mo tì mọ́ta. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, àní lápò ṣòkòtò bàbá mi.

Mo ṣí ilẹ̀kùn náà kíá. Mo pe bàbá mi, fóònù dún títí, kò gbé e. Aago mẹ́ta ti ń lọ lù. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi lọ sí ibi tí mo ti lè fi orúkọ rẹ̀ sí i fúnra mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹnu tí mo fọ́n nípàdé, mo kọ́wọ́ mi padà. Mo jáde, mo dá ọ̀kadà dúró, mo ní ká máa lọ sí Tápà, kó sì máa sáré. Ó sáré débi pé gèlè mi ṣáájú wa wọ ìlú.

Inú oko ni mo bá bàbá mi. Ó tẹ̀ kọdọrọ, ọwọ́ kan di ọkọ́ mú, ọwọ́ kejì di ìbàdí. Ebè méje ló ti kọ. Nígbà tó fẹ́ nàró kí mi, kò lè nàró tán. Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ oko.

Ó ní, "Mo kanlẹ̀kùn yín, ẹ ò dáhùn. Nígbà tó yá, ẹ tilẹ̀ tì í gbọn-in. Mo ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ fúnra mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo tì í."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kanlẹ̀kùn ni."

Ó wò mí títí. "Kíkan ilẹ̀kùn wá dẹ̀ṣẹ̀ nígbà wo?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, tolè Èkó, taláìnítìjú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ò kọ́ ọ nílé, ó rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń dùn ún. Orí ògán kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú oko náà. Mo tì í lẹ́yìn gun orí rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó yọ fóònù jáde.

Ó ní, "Ta wá ni kí n pe ara mi?"

Mo sọ orúkọ inú ìwé náà fún un.

"Họ́wù! Onítọ̀hún ṣì wà láyé?"

Ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́fà lù, ó wá dá ọwọ́ dúró, ó wúkọ́. Ó kígbe sí ojú fóònù pé, "Àgò o!" Ó dúró. Ó wojú mi.

Mo ní, "Àgò yà, Bàbá. Ẹ wọlé."

Nígbà náà ló tó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ó forúkọ sílẹ̀ fún tírákítọ̀. Wọ́n bá a túlẹ̀ lọ́dún náà, àfi ebè méje yẹn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn, pé kí n máa rí i.

Mo pa "Ta ni ń kanlẹ̀kùn?" rẹ́ kúrò lórí sáìtì, mo fi "Àgò yà, ẹ kọ orúkọ inú ìwé yín" rọ́pò rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ibi tí mo ti fẹjọ́ sùn pé kí wọ́n yọ ẹjọ́ náà kúrò. Wọ́n béèrè ìdí rẹ̀, mo ní bàbá mi ni, ó ń kí wa ni. Láti ìgbà náà, tí bàbá mi bá pè mí lórí fóònù, kì í sọ pé òun ni mọ́. Á ní, "Olè Èkó ni o." Èmi náà á fi ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀, màá ní, "Àgò yà, Bàbá. Mo wà nílé."