Afárá Tí Wọ́n Wọ̀ Láṣọ

Ẹ bá Omprasad Gauchan kẹ́dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ya àwòrán afárá olókùn irin tó so rọ̀ sórí odò Kali Gandaki, kò sì sí ọ̀kan tó já. Ta ló wá fẹ́ yìn ín? Ẹni tí afárá rẹ̀ bá já ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kárí àfonífojì.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan ló mọ iyì rẹ̀. Ojoojúmọ́, tó bá ti di aago mọ́kànlá, á gbéra láti ìsàlẹ̀ odò bí ẹni tí wọ́n jà lólè, á máa da yanrìn sí aráyé lójú. Tìtorí rẹ̀ ni Omprasad ṣe na okùn irin mìíràn sí ìhà méjèèjì afárá kọ̀ọ̀kan, tó dè é mọ́ àpáta, tó sì fi àwọ̀n ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó wá yẹ ọ̀kan nínú àwọn afárá náà wò, ó bá àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ lára àwọ̀n náà, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìyá Pasang, tó ń fi ìbaaka mẹ́sàn-án kó èso ápù sọdá, ṣì mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ìyá, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Mo bá ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ ni. Ìhòòhò lo fi í sílẹ̀. Àwọn ìbaaka mi ń rí odò nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n."

"Ẹ ti sọ ọ́ di ìgbòkun ọkọ̀! Afẹ́fẹ́ máa fà á já lónìí yìí!"

"Ìgbìmọ̀ abúlé ti fọwọ́ sí i."

Òótọ́ ni. Ọlọ́gbọ́n mẹ́jọ ló jókòó, tí wọ́n mu tíì, tí wọ́n sì pàṣẹ kí afẹ́fẹ́ máa bọ̀wọ̀ fún ìbaaka. Jagatman Sherchan, alága wọn, tí òun àti àwọn yòókù dúró létí afárá, dá Omprasad lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹnjiníà, àpò lásán! Ṣé àpò ló máa fa irin já?"

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Omprasad ò ṣí ìwé ìṣirò kankan. Ó tú àpò mẹ́fà tó so pọ̀, ó gbé e fún alága.

"Ẹ tẹ́ ẹ síwájú àyà, ẹ dì í mú dáadáa. Tí ẹ bá ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé, mo ti gbẹ́nu dákẹ́."

Afẹ́fẹ́ kékeré, ọmọ ọ̀dọ̀ tó máa ń ṣáájú ọ̀gá rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé alága, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín oko ọkà báálì bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Ẹ tú u!" ni alága ń ké láti inú báálì. "Kí lẹ ń wò? Ẹ tú gbogbo ẹ̀!"

Gbogbo ọlọ́gbọ́n yọ ọ̀bẹ. Àpò ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni ọ̀gá afẹ́fẹ́ dé. Afárá ké, ó fì, àwọn okùn ìhà le gbagidi, ó sì dúró.

Ìyá Pasang ká apá mọ́ àyà. "Ó dáa. Afárá ẹ ò kú. Ta ló máa bá mi kó àwọn ìbaaka sọdá?"

Gbogbo wọn yíjú sí Omprasad.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà wa, tí ìbaaka ń bà lẹ́rù ju ìjì lọ, ṣe wà lórí afárá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó fi ìborùn ara rẹ̀ di ojú ìbaaka tó ṣáájú, tó ń fẹ̀yìn rìn.

"Rọra fà á, ọmọ mi. O ò rí i pé ẹ̀rù ń bà á?"

"Èmi ńkọ́, Ìyá?"

"Ìwọ lo ṣe afárá. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀?"