Onílà Tó Kórìíra Àmì Kéékèèké

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tí ìmọ̀ ara wọn ń pa bí ọtí, kí wọ́n má gbàgbé Onílà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ló wà, òun ló sì kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn fi ń wo èsì àyẹ̀wò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ètò náà mọ̀: kó fi ìlà so èsì pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó jọ̀lọ̀. Èsì tó bá yapa sí ìlà, Onílà ti kọ́ ètò náà pé kó fi pamọ́. Ó ní ìdọ̀tí ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlà yìí ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Ó ní bí oògùn oníyẹ̀fun tí òun pò bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni omi ń mọ́ sí i, ìlà náà sì ń gòkè bí àkàbà. Ìlà náà ni Onílà gbójú lé láti gba àga ọ̀gá àgbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ti ra tìmùtìmù tí yóò tẹ́ sórí àga ọ̀hún. Ẹ ò rí nǹkan!

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ètò náà máa fi èsì kọ̀ọ̀kan hàn bí àmì kéékèèké, láìsí ìlà.

“Ṣé ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ fẹ́ máa wò ni?” ó ní. “Ẹ lọ sẹ́yìnkùlé.”

Nígbà tí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ pàṣẹ, Onílà fi ìkanra ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò dán an wò. Ta ló tó dán iṣẹ́ Onílà wò? Ìkanra yẹn ni kò jẹ́ kó rántí kọ́ ètò náà pé kó fi àwọn àmì tó bá yapa pamọ́, bó ti ṣe fún ìlà.

Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ péjọ, ìlà oògùn rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ tàn sójú ògiri.

“Ẹ óò rí i pé àmì kò lè ju ìlà lọ,” ó ní, ó sì tẹ máòsì kọ̀ǹpútà kí ìlà náà lè di àmì.

Àmì fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ. Bí oògùn pọ̀, bí kò pọ̀, omi kò mọ́ jù bó ṣe wà lọ. Gbogbo èsì tó ti ń fi pamọ́ jáde wá kí i. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

“Ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà níbẹ̀, sà,” ni Onílà wí.

“Ó pọ̀ ju èyí tó mọ́ lọ,” ni ọ̀gá àgbà wí. “Ó dáa, fi ìka rẹ fa ìlà ọ̀hún hàn wá.”

Onílà nàka sí ògiri. Ìka náà lọ sókè, ó wá sílẹ̀, kò ríbi bà sí.

Ẹlòmíì ló ń jókòó lórí àga náà báyìí. Ológbò ilé Onílà ló ń sùn lórí tìmùtìmù.