Ìyẹ́ Kan Tí Kò Já

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi, kì í ṣe oníwàásù. Ilẹ̀kùn ló ń kàn, àga ló ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, bí àwọn ọmọdé bá yí i ká lẹ́yìn ìsìn, ìtàn ẹyẹ funfun ni wọ́n máa ń bèèrè. Ẹyẹ náà ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n tẹ́ afárá sórí omi, kí àwọn ọmọ tó sọnù lè rí ọ̀nà délé. Bí ọmọ tó kẹ́yìn ti kọjá, ẹyẹ ṣubú ní ìhòòhò, ó kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹ́ kan hù láyà rẹ̀, ẹyẹ náà sì tún mí.

Lójú tèmi, Jésù Olúwa mi ni ẹyẹ yẹn. Mo bi ọkọ mi bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣó mẹ́ta há a lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín: "Kí ni ìwọ rí?"

Ọdún kejì rèé tó ti lọ. Ọmọ wa obìnrin ti bá a kọ ìtàn náà sínú ìwé kékeré kan, ìwé yẹn ni obìnrin kan tó ń darí fíìmù kà tó fi wá mi wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

"Màmá, mo gbọ́ pé aránṣọ ni yín. Ẹ̀yin lẹ máa rán aṣọ ẹyẹ o!"

Orí mi wú! Àfìgbà tó ka ìparí tiẹ̀ sí mi létí. Ẹyẹ kú, ó parí.

"Ọkọ mi ò parí ẹ̀ báyẹn."

"Ẹ má bínú, Màmá. Fíìmù lèmi ń ṣe, kì í ṣe ìwàásù."

Ó dùn mí wọ eegun. Ọkọ mi ò sí nílé ayé mọ́ láti gbèjà ìtàn rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹyẹ yìí tí kò jí, àfi bí ìgbà tí wọ́n tún ọkọ mi sin lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ mo rán aṣọ náà. Ọ̀ọ́dúnrún ìyẹ́, fọ́nrán òwú kan péré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè já bí òṣèré bá fà á.

Ọjọ́ pé. Wọ́n tẹ́ aṣọ búlúù sílẹ̀ bí omi. Òṣèré ń fà, ìyẹ́ ń já, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, títí ó fi ku ọ̀kan ṣoṣo láyà. Ó fà á, kò já. Ó fọwọ́ méjèèjì fà á. Ó kọ̀ jálẹ̀!

"Màmá, ṣé sìmẹ́ńtì lẹ fi rán ìyẹn ni?" Oníkámẹ́rà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gbá àyà mú. Ibẹ̀ ni mo parí aṣọ sí! Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, kókó mẹ́ta ni mo máa ń ta níbi tí iṣẹ́ bá parí sí. Ọwọ́ mi ti ta á kí n tó rántí. Mo sáré mú sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Olùdarí ló pariwo. Ó ti rẹ òṣèré, ó ti dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ́ náà sì ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Oníkámẹ́rà, tó jẹ́ Mùsùlùmí ní tiẹ̀, mi orí: "Sùbúhánállàhì! Àánú Ọlọ́run lèmi rí yẹn."

Olùdarí yíjú sí mi. "Màmá, ta ni Bàbá ní lọ́kàn gan-an?"

Orúkọ Jésù ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. "Kí ni ìwọ rí?"

"Ìyá mi. Àìsàn gba gbogbo ara ẹ̀, kò rí ẹ̀rín ẹ̀ gbà." Ó nu ojú. "Ibí ni fíìmù yìí máa parí sí. Ẹ jẹ́ ká tún un yà. Kí gbogbo yín dákẹ́ o!"

Mo gbìyànjú, Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ náà tún ti mì, igbe ti jáde lẹ́nu mi: "Halelúyà!"

Wọ́n ní ohùn mi wọnú fíìmù, olùdarí ò sì yọ ọ́. Kò burú. Ó yẹ kí ẹnì kan kí ẹyẹ náà káàbọ̀.