Kóòtù Kan, Ológun Mẹ́rin

Bọ́tìnnì kan ló kó mi sí wàhálà tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú iṣẹ́ mi.

Àtúnṣe fọ́tò àtijọ́ ni mò ń ṣe ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Èyí tí ikán jẹ, èyí tí òjò pa, èyí tí ọmọdé fà ya, mo lè sọ ọ́ di tuntun. Ṣùgbọ́n fọ́tò ológun ló ń pa mí bí ọtí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ríra, wíwò àti bíbéèrè ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ní báàjì fìlà, mo ní ìgò omi onírin, mo sì ní bọ́tìnnì ológun mẹ́tàdínlógójì nínú agolo mílíìkì. Ìyàwó mi ní bí ẹnìkan bá ń ta èékánná ológun, mo máa rà á.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà ìlú ní kí n ṣe àfihàn fọ́tò àwọn ọmọ Àgbádárìgì tó ja ogun Boma nígbà ogun Hítílà. Fọ́tò mẹ́rin ni mo rí gbà lọ́wọ́ ìdílé mẹ́rin. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹni tí kò ní fọ́tò kò ní àyè lára ògiri.

Òfin yìí ni mo fi dá Màmá Sẹ́nàmi padà. Láti Topo ni Màmá ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Wọ́n ní Hunsu, bàbá àwọn, lọ sí Boma, ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Àwọn aládùúgbò máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá náà kò kọjá Èkó rí, àwọn ọmọ-ọmọ Màmá gan-an sì ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Màmá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri kí àwọn tó kú.

“Màmá, ẹ má bínú,” mo ní. “Fọ́tò ni ògiri ń gbà, kì í gba ẹnu.”

“Onífọ́tò, iṣẹ́ fọ́tò yìí náà ni bàbá mi ṣe nígbà tó ti ogun dé. Ẹni tó ń ya gbogbo ayé, ta ni yóò ya òun?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà. Wọn ò tíì dé etí omi tí mo fi gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, mò ń nu fọ́tò àkọ́kọ́ lábẹ́ dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Idẹ ni bọ́tìnnì kóòtù ológun ìgbà náà. Ó máa ń yọ gọngọ, kì í sí ihò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta láti ọrùn nínú fọ́tò yìí rí pẹlẹbẹ, ó ní ihò mẹ́rin bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì. Mo mú fọ́tò kejì. Bọ́tìnnì kẹta, ihò mẹ́rin. Fọ́tò kẹta ńkọ́? Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Bákan náà. Mo wá wo apá. Lára ọkùnrin kan, ọwọ́ kóòtù bo ìka. Lára òmíràn tó ga bí igi àgbọn, kò dé ọrùn ọwọ́. Kóòtù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Mo kígbe débi pé télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sáré wọlé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Màmá Sẹ́nàmi padà sí mi létí.

Oòrùn ọjọ́ kejì kò tíì mú tí mo fi dé Topo. Mo tọrọ àforíjì, mo sì béèrè bóyá bàbá wọn fi aṣọ kankan sílẹ̀. Màmá ṣí àpótí páànù kan, òórùn kàfúrà gba gbogbo yàrá, ni kóòtù kákí bá jáde. Mo kà á láti ọrùn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ihò mẹ́rin.

“Ìyá mi ló rán ìyẹn,” Màmá ní. “Bàbá ní ti tẹ́lẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀ ní Boma.”

Mo yí ọrùn kóòtù náà síta. Ibẹ̀ ni àwọn ológun máa ń fi yíǹkì kọ nọ́ńbà àti orúkọ wọn sí, kí aṣọ wọn má baà di ti ẹlòmíràn. Yíǹkì náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: HUNSU.

Màmá wá ṣàlàyé pé nígbà tí bàbá wọn dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí etí ọ̀sà, ó sì fi kóòtù náà kọ́ sára ìṣó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ ya fọ́tò bí ológun, á wọ̀ ọ́.

Ó wá ku kí n sọ èyí fún ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdílé kan gba fọ́tò wọn padà, wọn kò sì kí mi títí di òní. Méjì gbà kí tiwọn ṣì wà lára ògiri. Alhaji Làsísì, ọmọ ọkùnrin gíga yẹn, na ìka sí ọwọ́ kóòtù kúkúrú tó wà nínú fọ́tò.

“Láti kékeré ni mo ti ń bi ara mi,” wọ́n ní, “irú ìjọba wo ló gbé kóòtù ọmọdé fún bàbá mi.”

Wọ́n ní kí fọ́tò náà wà níbẹ̀, kí n ṣáà kọ òtítọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Kí n tó lè kọ ọ́, mo ní láti tú férémù rẹ̀. Bí mo ṣe tú u ni etí ìsàlẹ̀ fọ́tò, tí igi férémù ti bò láti ọjọ́ pípẹ́, yọ síta. Ẹ̀yìn ẹni tó ya fọ́tò ni oòrùn wà, òjìji rẹ̀ sì nà lórí yanrìn títí dé ibi bàtà ọkùnrin gíga náà: ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà dúró lé, orí tó tẹ̀ síwájú, ìgbọ̀nwọ́ kan tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún kígbe. Télọ̀ kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, mo gbé kóòtù sáàárín, fọ́tò mẹ́ta yí i ká. Lábẹ́ òjìji náà mo kọ ọ́ pé: “Hunsu, ológun Boma, ló ya fọ́tò yìí.” Màmá kó àwọn ọmọ-ọmọ wọn wá. Màmá tẹjú mọ́ òjìji náà.

“Ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ yẹn,” wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà. “Bí bàbá mi ṣe máa ń gbé e nìyẹn. Ó yá, ẹ kí i.”

Mo ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fọ́tò. Màmá fi ìka tọ òjìji náà láti orí títí dé ẹsẹ̀ kámẹ́rà, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ń wo òrùlé.